Àmì Pupa Lára Ààbọ̀ Dọ́là

Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni Verlyn Huseby fi wa ọkọ̀ tó ń kó wàrà láti oko àwọn olùsìn màlúù lọ sí ilé iṣẹ́ wàràkàṣì ní ìgbèríko Wisconsin, kò sì fi ọkọ̀ náà gbá nǹkan kan rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri àti kéèkì. Ó jẹ kéèkì náà. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó jí ní ìdájí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wọ bàtà, ó jókòó sílé ìdáná, kò sì sí ibì kankan tó ń lọ. Ardis ìyàwó rẹ̀ fi ojú sí i títí ó fi sú u, ló bá ní, "Verlyn, wá nǹkan ṣe, àbí kí n wá ọkọ mìíràn."

Fàdákà ni Verlyn wá ṣe.

Láyé àtijọ́, fàdákà gidi ni ìjọba fi ń rọ ààbọ̀ dọ́là, ìyẹn kọ́ìnì tí méjì rẹ̀ jẹ́ dọ́là kan. Nígbà tó yá, ọwọ́ ìjọba há, wọ́n fi irin mìíràn lú u, títí fàdákà fi tán nínú rẹ̀ pátápátá tó wá ku bàbà láàárín bí ẹran inú búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n àwọn ti àtijọ́ kò kúrò nílùú. Wọ́n wà nínú ìkòkò tí ìyá àgbà gbé pamọ́, títí ọmọ-ọmọ tí kò mọ nǹkan kan á fi kó wọn lọ báǹkì, tí báǹkì á sì fi bébà dì wọ́n mọ́ ìyókù. Báǹkì kì í wò wọ́n. Lójú báǹkì, ààbọ̀ dọ́là ni ààbọ̀ dọ́là. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó ló ni ín.

Nítorí náà, Verlyn á lọ sí báǹkì, á fi owó bébà gba páálí ààbọ̀ dọ́là kan, á gbé e wálé. Á tú ìdì kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì ilé ìdáná, á tò wọ́n ní ìdúró bí ẹni to bísíkíìtì, á wo etí wọn. Èyí tí ilà bàbà bá wà létí rẹ̀, ìdọ̀tí ni. Èyí tí etí rẹ̀ bá funfun, fàdákà ni. Tó bá wò wọ́n tán, á fi bírò pupa tẹ àmì kékeré kan sí ọrùn ààrẹ tó wà lára èyí tó ṣáájú nínú ìlà, kó lè mọ̀ pé òun ti wo ìdì náà bó bá tún padà sọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ iwájú. Á dì wọ́n padà, á sì kó wọn lọ sí báǹkì mìíràn.

Báǹkì mìíràn yẹn ni òfin. Ibi tí a ti ń gbà á, a kì í dá a padà síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á máa wo owó kan náà yípo yípo títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Báǹkì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú tirẹ̀, Kettle Fork, ni Verlyn ti ń gbà, ó sì ń lọ da ìdọ̀tí rẹ̀ sí báǹkì ìlú Norbeck lẹ́yìn odò. Kò gba ààbọ̀ dọ́là kan ní Norbeck rí. Kì í tilẹ̀ gba súìtì tí wọ́n ń kó sínú abọ́ lórí káńtà wọn.

Tó bá rí fàdákà, á gbé e sókè díẹ̀, á sọ ọ́ sórí igi tábìlì. Fàdákà máa ń dún gooro, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dákẹ́. Ìdọ̀tí máa ń dún bí ìdọ̀tí. Ardis tó ń fọ abọ́ á gbọ́ ọ, á ní, "O kú oríire," kò ní yíjú padà.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, láti ìgbà ìkórè àgbàdo ni tábìlì ti dákẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni Verlyn pè é. Ó ní àwọn ará ìlú ńlá ti gbọ́n, wọ́n ti ṣa fàdákà tán kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó tún ní iná ayé òde òní kò ní ìmọ́lẹ̀ nínú. Ó ra iná tábìlì kejì, ó ra ìkẹta, ilé ìdáná Ardis wá mọ́lẹ̀ bí yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Nígbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀, ó fi mọ́tò gbá àpótí lẹ́tà aládùúgbò wọn lulẹ̀. Ó ní wọ́n ti sún un. Wọ́n gbé àpótí náà nàró padà, ó tún gbá a.

"Verlyn, jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú," ni Ardis wí.

"Kí n lọ ṣe kí ni lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Kó wo ojú ẹ ni. Àbí eyín lo fẹ́ yọ lọ́dọ̀ dókítà ojú?"

"Ardis, gbọ́. Èmi tí mo lè to ẹgbẹ̀rún kọ́ìnì, kí n sì mú ẹyọ fàdákà kan ṣoṣo jáde láàárín wọn, ojú wo ló ń dùn mí? Ọjọ́ tí fàdákà bá kọjá níwájú mi tí mi ò mọ̀, ọjọ́ yẹn ni kó o gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi."

"O ti sọ ọ́ o."

"Mo ti sọ ọ́. Olójú kì í la ojú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ yí wọ̀ ọ́."

Ardis padà sídìí abọ́ tó ń fọ̀. Verlyn rò pé òun ló jàre.

Fàdákà kan wà nínú ilé náà tí kì í ṣe ti Verlyn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ardis, ní oṣù kejì ọdún 1943, wọ́n san owó wàrà fún bàbá rẹ̀, ààbọ̀ dọ́là tuntun kan sì wà nínú owó náà. Kì í ṣe orí ààrẹ ló wà lára rẹ̀ bíi ti ìsinsìnyí, obìnrin kan ni, tó wọ aṣọ gígùn, tó ń rìn lọ bá oòrùn. Bàbá náà kò ná an. Ó gbé e sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Oko bàbá náà ti di ti ẹlòmíràn, iná ti jó ilé rẹ̀, ààbọ̀ dọ́là yìí nìkan ló kù tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Inú abọ́ díńgí kékeré kan ló ń gbé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bébà tí Verlyn fi ń di owó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ní àárọ̀ ọjọ́ ìbí Ardis, Verlyn á jí ṣáájú, á po kọfí, á sì fi kọ́ìnì náà sábẹ́ kọ́ọ̀bù. Ardis á gbé kọ́ọ̀bù sókè, á ní, "Bàbá mi ti wá," á mu kọfí rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ó fẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ Ìsinmi ló bọ́ sí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, Verlyn ń wá téèpù, ó na ọwọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ̀ sì wọ inú abọ́ díńgí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó fi ìka yí inú abọ́ náà ká, bí ẹni tó ń lá ọbẹ̀. Ó wo abẹ́ sítóòfù. Ó da ìyẹ̀fun inú agolo sórí ìwé ìròyìn, ó tún un dà padà. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, nígbà tí òun ń fa bébà yọ, abọ́ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òun sì gbé e nàró láìwo inú rẹ̀. Kọ́ìnì náà ti yí bọ́ sórí tábìlì. Òun ti dì í mọ́ ìdọ̀tí. Òun ti fi ọwọ́ ara òun gbé bàbá ìyàwó òun lọ dà sí báǹkì Norbeck.

"Kí lò ń wá?" ni Ardis bi í láti yàrá kejì.

"Téèpù."

"Kì í ṣe òun ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn?"

Òun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ardis kò wọlé wá wo ìyẹ̀fun tó dà sórí àga. Èyí yani lẹ́nu díẹ̀, nítorí Ardis kì í jẹ́ kí ènìyàn wá nǹkan nílé ìdáná rẹ̀ láìjẹ́ pé ó dúró tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ro irú ìyẹn. Ẹ̀rù sì ń ba Verlyn. Àádọ́rin ọdún, kọ́ọ̀bù á gbéra, kò ní sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, kí ni òun ó sọ? Ó wọ kóòtù, ó ní òun ń lọ ra bọ́tà, ó rọra wakọ̀ gba orí afárá lọ sí Norbeck.

Bernadine ló wà ní káńtà, obìnrin tó ti ń gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún púpọ̀ wá.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Huseby. Ẹ ti gbé ẹrù wa dé?"

"Rárá. Mo wá gbà ni."

Bernadine bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ wá gba kí ni?"

"Ààbọ̀ dọ́là. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá ní."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé..."

"Mo mọ ohun tí mo máa ń sọ."

"Ẹ kì í tiẹ̀ gba súìtì wa."

Verlyn mú súìtì kan nínú abọ́, ó jù ú sẹ́nu. Bernadine wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

"Mo ti kó wọn pamọ́ fún ẹlòmíràn, ẹ má bínú," ló wí. "Ẹnì kan wà tó máa ń wá kó gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́bọ̀."

"Ta ni?"

"Báǹkì ò gbọ́dọ̀ sọ irú ìyẹn." Ó wo òde. "Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ lòní, àga sì wà níbẹ̀ yẹn."

Verlyn jókòó. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan wọlé, ó sanra, ó dé fìlà ilé iṣẹ́ tó ń ta irúgbìn, ó gbé báàgì òfìfo dání. Delmar Kostka lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹgbẹ́ Verlyn. Bernadine ní, "Ọ̀gbẹ́ni Kostka, bàbá yìí ń dúró dè yín."

"Nítorí kí ni?"

"Ààbọ̀ dọ́là," ni Verlyn wí, ó sì na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́. Delmar wo ọwọ́ náà. Yíǹkì pupa ti dì sí àtàǹpàkò rẹ̀. Kò bọ̀ ọ́.

"Onípupa!"

"Verlyn Huseby ni mò ń jẹ́."

"Nínú ilé tèmi, Onípupa lò ń jẹ́! Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń jẹ àjẹkù ẹ, ìwọ ọkùnrin yìí. Mo tú ìdì kan, àmì pupa. Mo tú òmíràn, àmì pupa. Ìyàwó mi ní kí n lọ wá nǹkan gidi ṣe."

"O ò ṣe lo báǹkì mìíràn?"

"Ta ló máa bá mi ra epo mọ́tò? Ìwọ?" Delmar jókòó tì í, àga náà dún. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Wò ó, mo tiẹ̀ rò pé o ti kú."

"Kí ló máa pa mí?"

"Lóṣù tó kọjá, mo tú ìdì ẹ kan, mo rí fàdákà. Fàdákà o! Nínú ìdì Onípupa! Mo pariwo, ìyàwó mi sáré jáde nílé ìwẹ̀. Mo ní, 'Onípupa ti kú, àbí ojú ẹ̀ ti fọ́. Kò sí ẹ̀kẹta.'"

Verlyn kò rẹ́rìn-ín. "Obìnrin tó ń rìn ni? Ọdún 1943?"

Delmar náà ṣíwọ́ ẹ̀rín. "Òun ni."

"Ti ìyàwó mi ni. Bàbá ẹ̀ ló fún un. Ó ṣèèṣì já bọ́ sínú ìdì nígbà tí mò ń dì í. Mi ò fojú kàn án rárá."

Delmar ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó yọ kọ́ìnì náà jáde, ó gbé e sí Verlyn lọ́wọ́. Verlyn mọ ìwúwo rẹ̀. Ìdùnnú gbà á, omi fẹ́ẹ̀ lé lójú rẹ̀. Ó fẹ́ kì í bọ àpò.

"Huseby," ni Delmar wí, kò pariwo mọ́. "O ní o ò fojú kàn án. Wò ó dáadáa ná."

Verlyn gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bó ṣe ti mọ́ ọn lára láti bí oṣù mélòó kan láì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ara rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Àmì pupa kan wà lára kọ́ìnì náà, ní àyà obìnrin tó ń rìn, níbi gan-an tí ọrùn ààrẹ ì bá wà.

Kọ́ìnì náà kò ṣèèṣì já bọ́ sínú ìdì kankan. Ó ti dúró níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, lábẹ́ iná mẹ́ta, òun gan-an ló ṣáájú nínú ìlà. Verlyn ti wo etí rẹ̀. Ó ti mú un lọ́wọ́, ó ti tẹ obìnrin náà ní bírò láyà, ó ti pè é ní ìdọ̀tí. Ó dúró níbẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú kọ́ìnì náà.

"Èló lo máa gbà?" ló bi Delmar.

"Ààbọ̀ dọ́là ni mo fi gbà á. Ààbọ̀ dọ́là náà ni."

Verlyn fún un ní dọ́là kan. Delmar tú àpò rẹ̀ wò, ó fún un ní ṣéńjì. Àmì pupa wà lára ṣéńjì náà.

"Jẹ́ kí n gbé ẹ délé," ni Delmar wí.

"Mo gbé mọ́tò wá."

"Mo mọ̀. Mo rí ibi tó o gbé e sí."

Taya iwájú kan wà lórí ìpìlẹ̀ òpó àsíá báǹkì náà. Verlyn rò pé yìnyín ni òun gùn lé. Ó tẹ̀ lé Delmar lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀, wọn kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi ìgbà tí Delmar bẹ̀ ẹ́ pé, bí kò bá ní bínú, kó wá ibòmíràn máa da ìdọ̀tí sí.

Ardis ń wo òde nígbà tí ọkọ̀ àlejò já ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Verlyn wọlé, kò bọ́ kóòtù, ó gbé kọ́ìnì náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ardis fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó, ó sì bú sẹ́kún.

"O ti mọ̀ pé ó sọnù?" ni Verlyn bi í.

"Èmi ni mo fi í síbẹ̀!" Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú. "O jáde lọ kó yìnyín ẹnu ọ̀nà, ìlà kọ́ìnì wà lórí tábìlì. Mo mú ti bàbá mi, mo fi ṣáájú wọn. Mo ní tó o bá rí i, ọkàn mi á balẹ̀, n ó sì yé sọ̀rọ̀ dókítà. Mo dúró sí ibi tí mo ti ń fọ abọ́. O wọlé, o jókòó, o mú un, o wò ó. Mò ń retí kó o kígbe. O tẹ̀ ẹ́ ní bírò, o dì í."

"O ò sì sọ̀rọ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní n ó yọ ọ́ lálẹ́, ká wá jọ sọ ọ́. Mo lọ se kọfí fún àwọn tó sìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí mo máa fi dé, o ti kó gbogbo ẹ̀ lọ Norbeck. Mo pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní ẹnì kan ti kó o lọ. Mo ti sunkún ẹ̀ tán, Verlyn. Ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń rò, pé wàá gbé kọ́ọ̀bù wá, kò ní sí nǹkan kan ńbẹ̀, wàá sì máa rò pé ìwọ lo sọ ọ́ nù."

Verlyn jókòó. Iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní títàn, kò sì sí ẹni tó ń wo nǹkan kan.

"Àárín ló lọ," ló wí nígbà tó yá. "Mo ṣì ń rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́. Tí mo bá wò ọ́ báyìí, mò ń rí irun ẹ àti èjìká ẹ."

"Ojú mi ńkọ́?"

"Mi ò rí i mọ́ láti ìgbà ìkórè àgbàdo." Ó yíjú sí àwọn iná náà. "Mo rò pé iná ni. Rárá, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Ardis."

"Ó ń ba èmi náà. Ó tún wá ń ba aládùúgbò."

Verlyn rẹ́rìn-ín tán kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sínú àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó wá abọ́ díńgí kàn, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú rẹ̀. Mọ́tò ṣì wà lórí ìpìlẹ̀ òpó àsíá ní Norbeck.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jí ní ìdájí, ó po kọfí. Ó ti fẹ́ fi ọtí nu àmì pupa náà kúrò, ṣùgbọ́n Ardis ti kìlọ̀ fún un láti alẹ́. Ó ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun á máa fi hàn án nígbà tó bá tún fẹ́ bá òun jiyàn. Ardis gbé kọ́ọ̀bù sókè, ó ní, "Bàbá mi ti wá," ó mu kọfí rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, Ardis ló sì máa wakọ̀.

Verlyn dìde lọ fọ abọ́. Ardis fa páálí tó kù nílẹ̀ sọ́dọ̀, ó tú ìdì kan sábẹ́ iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ wọ́n sórí igi tábìlì.

"Ìdọ̀tí," ni Verlyn ń wí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi ọṣẹ. "Ìdọ̀tí. Ìdọ̀tí. Ìyẹn náà, ìdọ̀tí."

Ardis rọra mú ti bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù, ó sì sọ òun náà sórí tábìlì.

"Tìrẹ nìyẹn," ni Verlyn wí. Kò yíjú padà.